MSc ti Ìlú Ọba, másítà ti Amẹ́ríkà tàbí OTD: èwo ló yẹ yín tí ẹ bá fẹ́ di oníṣẹ́ OT?

Ẹni tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú psychology, physiology, nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn, tó wá fẹ́ di occupational therapist (OT, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn láti tún máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ fúnra rẹ̀), ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Àkọ́kọ́ ni MSc ọlọ́dún méjì ní Ìlú Ọba. Èkejì ni másítà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni dókítọ́réètì tí wọ́n ń pè ní OTD, ní Amẹ́ríkà bákan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọni di OT gidi. Owó, físà, iye ọdún àti ìlú tí ìwé-ẹ̀rí ti máa ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Èrò tèmi rèé: ìlú tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ wá wo owó tó máa gbé ẹ̀kọ́ náà parí. Orúkọ dìgírì ló yẹ kó kẹ́yìn. Mo mọ bí àwa Yorùbá ṣe fẹ́ràn oyè, mo sì mọ bí inú òbí ṣe máa ń dùn tí wọ́n bá ń pe ọmọ wọn ní Dókítà. Àmọ́ gbèsè tí oyè náà lè kó báni kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí ẹni tó máa san án mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tilẹ̀ nílò rẹ̀

Ní Nàìjíríà, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń wọṣẹ́ OT. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ ọ, àjọ MRTB ló sì ń forúkọ àwọn tó bá jáde sílẹ̀, bó ṣe ń ṣe fún àwọn physiotherapist. Tí ẹ bá ti ní irú dìgírì yìí lọ́wọ́, MSc tí wọ́n kọ "pre-registration" sí lára, ìyẹn ti ẹni tí kò tíì di OT, kì í ṣe tiyín. Ohun tí ẹ ti mọ̀ ni wọ́n á tún fi ọdún méjì kọ́ yín, tí wọ́n bá tilẹ̀ gbà yín wọlé.

HCPC, àjọ tó ń fún àwọn OT láṣẹ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ní ọ̀nà tirẹ̀ fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á yẹ ìwé-ẹ̀rí yín, ohun tí wọ́n kọ́ yín àti ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ ṣe wò. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àkọ́kọ́ rẹ̀ máa nílò IELTS 7.0, láìsí apá kankan tó wà lábẹ́ 6.5. Ní Amẹ́ríkà, NBCOT, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn OT, ló ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, OTED ni wọ́n ń pè é. Másítà ni wọ́n fi ń wọṣẹ́ lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ NBCOT bí wọ́n ṣe máa wo dìgírì yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìyókù àpilẹ̀kọ yìí wà fún àwọn tí kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ OT rárá.

Láísẹ́ǹsì: ibi tí másítà àti OTD ti jọra ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ

Nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ACOTE (àjọ tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ OT wò) fọwọ́ sí nìkan ló lè jókòó fún ìdánwò NBCOT. Lẹ́yìn ìdánwò yìí ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tó ṣe másítà àti ẹni tó ṣe OTD, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe, OTR kan náà ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn orúkọ wọn, láísẹ́ǹsì kan náà ni ìpínlẹ̀ ń fún wọn. Kò sí aláìsàn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba OTD lè tọ́jú tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba másítà kò ní àṣẹ láti tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń kiri orí WhatsApp, pé bó bá di 2027 másítà kò ní wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ni pé ní 2017 ACOTE kéde pé dókítọ́réètì nìkan ni àwọn máa gbà láti 2027. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ìpinnu náà dúró, nígbà tó sì di 2019, ilé aṣojú AOTA, ẹgbẹ́ àwọn OT ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dìbò pé kí ọ̀nà méjèèjì máa bá a lọ. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́ pọ̀, àwọn tí wọ́n gbọ́ ti ìkẹyìn kò tó nǹkan, mo sì ti rí àwọn tó tìtorí ìbẹ̀rù yìí yan OTD tí agbára wọn ò ká. Ohun mìíràn tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni physiotherapy. Ní tiwọn ní Amẹ́ríkà, dókítọ́réètì nìkan ni wọ́n fi ń wọlé. Ti OT kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni OTD wá dára fún? Ó máa ń fi iṣẹ́ àkànṣe ọ̀sẹ̀ 14 kún ẹ̀kọ́ náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ nípa ìṣàkóso, ìwádìí, ẹ̀kọ́ kíkọ́ni tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú kan pàtó. Ẹni tó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ tàbí kí òun di olùkọ́ ní yunifásítì máa rí èrè rẹ̀. Àmọ́ OTD kì í ṣe PhD. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣì máa nílò PhD lọ́jọ́ iwájú. Bákan náà, ẹni tó bá ṣe másítà lónìí ṣì lè padà wá ṣe OTD ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlẹ̀kùn náà kò tì.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí HCPC fọwọ́ sí ni kí ẹ lọ. Tí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí HCPC kí wọ́n fi orúkọ yín sínú ìwé. Kò sí ìdánwò ìjọba mìíràn lẹ́yìn ti yunifásítì. Òfin ló dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà, ẹni tí kò bá sí nínú ìwé HCPC kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní occupational therapist.

Àṣẹ HCPC kò ṣiṣẹ́ ní Houston, láísẹ́ǹsì Texas kò sì ṣiṣẹ́ ní Manchester. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun máa ka MSc ní Ìlú Ọba torí pé ó yá, kí òun wá sáré kọjá sí Amẹ́ríkà, ó ní láti gba ọ̀dọ̀ OTED kọjá bíi gbogbo àlejò. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ń gba owó àti àkókò.

Ọdún mélòó?

MSc ti Ìlú Ọba sábà máa ń jẹ́ ọdún méjì gbáko, tí ìsinmi inú rẹ̀ kò pọ̀. Másítà ti Amẹ́ríkà máa ń gba ọdún méjì sí méjì àbọ̀, OTD sì máa ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ìkọ́ṣẹ́ wà nínú gbogbo wọn. Ìlànà àjọ àgbáyé WFOT ni wákàtí 1,000 ó kéré tán, òun ni Ìlú Ọba náà ń tẹ̀ lé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ 24 ni ìkọ́ṣẹ́ àṣekágbá, ì báà ṣe másítà, ì báà ṣe OTD.

Ẹ má fojú kéré ìkọ́ṣẹ́ yìí o. Bí iṣẹ́ òòjọ́ gidi ló rí, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kì í sì í san owó rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá pín yín sí lè jìnnà sí ilé. Ẹni tó ń gbára lé iṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó láti fi san owó ilé gbọ́dọ̀ ti mọ bó ṣe máa ṣe é láwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kí ó tó wọlé.

Owó, tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀

Iye owó ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn débi pé kí ẹ wo ojú ewé kọ́ọ̀sì náà gan-an ló dáa jù. Ohun tí mo lè sọ ni ibi tí owó lè ti wá fún ẹni kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ọmọ onílùú tàbí tó ti ní ìwé ìgbélùú ní England ló rọ̀ ṣọ̀mù jù nínú gbogbo àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé másítà ni ẹ̀kọ́ náà, ìjọba ń yá a lówó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ìgbọ́bùkátà bí ẹni tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́. NHS, àjọ ìlera ìjọba, tún máa ń fún un ní £5,000 lọ́dọọdún tí kò ní dá padà, ẹni tó bá sì ní ọmọ tí òun ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè gba £2,000 sí i. Mo rí àwọn ará wa ní Peckham àti Woolwich tí wọn kò mọ̀ pé owó yìí wà, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta mẹ́rin tu owó jọ kí wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní NHS tún lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nípa ọ̀nà apprenticeship. Níbẹ̀, á máa gba owó oṣù bó ṣe ń kàwé, kò sì ní san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá sí Ìlú Ọba kò ní ìpín nínú gbogbo èyí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ti àwọn àlejò ló máa san, £776 owó ìlera lọ́dọọdún tún wà lórí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ìgbọ́bùkátà oṣù mẹ́sàn-án ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Sikọ́láṣíìpù fún irú ẹ̀kọ́ yìí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó bá jáde tó sì ríṣẹ́ ní NHS, ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Band 5 ló ti máa bẹ̀rẹ̀, £31,049 lọ́dún ní England ní 2025/26. Ẹ fi owó yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tí ẹ fẹ́ jẹ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní Amẹ́ríkà, owó oṣù pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìjọba tó ń ka iye owó iṣẹ́ sọ pé ní 2023, ìdajì àwọn OT ń gbà ju $96,370 lọ lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yá owó ńlá láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òfin ti yí padà, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí tàbí tọ́ dàgbà níbẹ̀ gidigidi. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2025, láti July 1, 2026, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yáwó kò lè rí Grad PLUS, owó tí ìjọba ń yá àwọn tó ń kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, gbà mọ́. Owó tí ìjọba lè yá akẹ́kọ̀ọ́ másítà tàbí dókítọ́réètì lásán kò gbọdọ̀ ju $20,500 lọ lọ́dún, àti $100,000 lápapọ̀. Àwọn ẹ̀kọ́ kan bí ìṣègùn àti òfin lẹ́tọ̀ọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nínú àbá tí wọ́n gbé jáde ní ìparí 2025, OT kò sí lára wọn. Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ bi ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lọ́dọ̀ wọn báyìí.

Ibí yìí gan-an ni másítà ti ń borí OTD lójú mi. Pẹ̀lú òté yìí, ọdún tí OTD fi gùn ju másítà lọ lè jẹ́ ọdún tí ẹ máa fi owó ilé ìfowópamọ́ aládàáni san, èlé irú owó bẹ́ẹ̀ sì máa ń le. Ó tún jẹ́ ọdún tí ẹ ì bá ti máa gba owó oṣù.

Físà àti ìdílé

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé ìdádúró lé físà akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Togo láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, ti Nàìjíríà àti Benin láti January 1, 2026. Bí àṣẹ yìí bá ṣì wà lójú iṣẹ́ lásìkò tí ẹ ń ka èyí, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kankan láìjẹ́ pé ẹ ti ní físà tàbí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ lè gbà yín wọlé, kí ẹnubodè má gbà yín. Ẹni tó bá sì ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, oṣù 12 péré ni OPT, ìyẹn àṣẹ láti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ OT, kò sí àfikún bíi ti àwọn oníkọ̀ǹpútà. Láàárín oṣù 12 yẹn lẹ máa ṣe ìdánwò, tí ẹ máa gba láísẹ́ǹsì, tí ẹ sì máa wá agbanisíṣẹ́ tó máa dúró fún yín.

Ní Ìlú Ọba, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn òfin méjì wà tó ń dun àwọn ará wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó wá ṣe másítà tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá lórí físà rẹ̀. Ọdún méjì nìyẹn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ó sì yẹ kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ dáadáa, kí wọ́n mọ ẹni tó máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ àti iye ìgbà tí ìrìn àjò wálé máa ṣeé ṣe, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń ta ilẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá béèrè físà Graduate, èyí tí ẹni tó kàwé jáde fi ń dúró ṣiṣẹ́, láti January 1, 2027 lọ, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un dípò ọdún méjì tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń fọkàn balẹ̀ díẹ̀ ni pé OT wà lára iṣẹ́ tí físà Health and Care gbà, tí ẹni náà bá rí agbanisíṣẹ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú fọ́ọ̀mù

Ní Amẹ́ríkà, OTCAS ni ojúko kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà fọ́ọ̀mù sí. Oṣù Keje ló sábà máa ń ṣí, ọ̀pọ̀ ló sì ń fún èèyàn láyè bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé, kò yẹ kí ẹ dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n á béèrè àwọn kọ́ọ̀sì kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe: anatomy àti physiology, statistics, psychology ti ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn àti ti àìsàn ọpọlọ, àti sociology tàbí anthropology. Àwọn kan kò ní gba èyí tó ti pẹ́ jù. Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà á tún fi transcript rẹ̀ ránṣẹ́ sí WES kí wọ́n túmọ̀ máàkì rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, gbogbo wa la sì mọ bí transcript ṣe lè pẹ́ tó láti jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn kó tó kan ohun mìíràn.

Ìlú Ọba kì í sábà béèrè kọ́ọ̀sì kan pàtó. Dìgírì tó dáa, ìrírí pẹ̀lú àwọn tó nílò ìtọ́jú, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n ń wò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba fọ́ọ̀mù nípasẹ̀ UCAS, ojúko ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì Ìlú Ọba, òmíràn ń gbà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín, wọ́n á yẹ ìlera yín wò, wọ́n á sì béèrè ìwé ọlọ́pàá pé ọwọ́ yín mọ́.

Ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń ṣubú jù, lọ́hùn-ún àti níhìn-ín, ni ìwé àlàyé tí ẹ máa kọ nípa ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí. "Mo fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́" kò tó. Nọ́ọ̀sì náà lè kọ ọ́, physiotherapist náà lè kọ ọ́. Ẹ lọ wo iṣẹ́ náà lójú ara yín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ka OT wà ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, ní Yaba, ní Ìgbóbì àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí wákàtí tí ẹ lò, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń béèrè rẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì láti wọ bùbá fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ́ bùbá náà sórí itan. Apá tó rọ ni ọwọ́ tó le máa kọ́kọ́ tì sínú aṣọ, ó fà á gòkè kọjá ìgúnpá títí dé èjìká, kí ó tó ki orí bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni apá tó le wá wọlé. Nígbà tó bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó le ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ìró tí kò ṣeé fi ọwọ́ kan wé, OT lè ní kí télọ̀ rán rọ́bà sí i nídìí. Ẹ kíyè sí i pé OT náà kì í bá a fa aṣọ náà, bó tilẹ̀ pẹ́ gan-an. Ẹni tó bá kọ ohun tó rí báyìí sílẹ̀, tó sì sọ ìdí tí OT náà fi káwọ́ gbera tó ń wòran, ti fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi

Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú England: MSc ti Ìlú Ọba, ẹ má wo ẹ̀yìn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà: másítà ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ yín, níbi tí owó ọmọ ìpínlẹ̀ ti kéré sí ti àlejò. OTD ni kí ẹ yàn tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí yín ń kọ́, tàbí tí wọ́n fún yín ní sikọ́láṣíìpù tó mú kí iye rẹ̀ bá ti másítà dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti pa másítà tì fún OTD, nítorí náà ẹni tó wà ní ìlú kan lè má rí másítà nítòsí. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tí kò tíì lé ní ọmọ ọdún méjìlélógún, tí owó ilé kò sì tó: dìgírì OT ní Ifẹ̀, kí ó wá gba ọ̀nà HCPC lọ́jọ́ iwájú. Ó gùn, àmọ́ owó rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti òkè òkun, aláìsàn ò sì wọ́n nílé.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá gbà yín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fẹ́ kí ẹ tètè san owó ìfipamọ́ àyè, tó jẹ́ pé wọn kì í sábà dá a padà. Kí ẹ tó san án, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì gba ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ipò wọn lọ́dọ̀ ACOTE tàbí HCPC lónìí, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tó ṣì wà ní ipò "candidate" kò tíì gba òǹtẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó wọlé àti iye tó jáde lásìkò, iye tó yege ìdánwò NBCOT, ibi tí ìkọ́ṣẹ́ máa ń wà, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀ débẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lọ́ra láti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ fi owó yín sápò.